Àpótí Òjé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládòṣù

Ní gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí Lazarus Ọládòṣù ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Bí wọ́n bá bi Phoebe ìyàwó rẹ̀ pé kí ni bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, á ní, "Lẹ́tà ni," àwọn tó bi í á sì mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ìyá kan tilẹ̀ wá bá a ní Sátidé kan pé kó bá òun kọ̀wé sí ọmọ òun tó wà ní Kánò. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú bíírò, ó sì kọ ọ́ fún un, nítorí pé ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Ìrísí lẹ́tà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ikùn B ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibi tó yẹ kí ìrù g tẹ̀ sí, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì kí ojú òǹkàwé má bàa kọsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ìwé tí ẹ kà rí láyé yín tí ẹnì kan kò jókòó ti lẹ́tà rẹ̀ títí ẹ̀yìn fi dùn ún. Ẹ ò mọ orúkọ ẹni náà, òun náà ò sì retí pé kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Wharf Road ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún òmìnira. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, fọ́ọ̀mù àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Bó bá di Sátidé, wọ́n á tẹ ètò ìsìn fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọládòṣù ló ń to lẹ́tà, ẹyọ òjé kọ̀ọ̀kan sínú àwo irin tóóró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà tó kọjú sódì bí àwòrán inú dígí. Gẹ̀ẹ́sì kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Yorùbá ni ogun. Àwọn lẹ́tà tó ń ti Ìlú Ọba wá kò ní àmì lórí, wọn ò ní àmì nísàlẹ̀. Ó ní láti rẹ́ òjé mìíràn wẹ́wẹ́, kó há a mọ́ ìdí lẹ́tà, kó há òmíràn mọ́ ọn lórí, kó fi bébà dì í kó má bàa mì. Kí ẹ̀rọ tó tẹ igba ìwé, ìdajì àmì á ti ṣubú sílẹ̀, àwọn akọrin á wá máa fi ohùn dídùn sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti mú un: kí a ya lẹ́tà Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ jẹ́ òjé kan ṣoṣo, ara kan, kí nǹkan kan má lè bọ́ lára èkejì mọ́. Èrò náà ló gbé e dé Ìlú Ọba lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1963, òun ló gbé e padà wálé ní 1966 wá di olùkọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ya lẹ́tà náà. Lẹ́tà kan lè gbà á ní oṣù kan. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ti iṣẹ́ dé tó sì ti jẹun, á jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú inki àti búrọ́ọ̀ṣì, á ya lẹ́tà kan tó tóbi tó àwo ọbẹ̀, á wò ó, á fà á ya, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Phoebe ní kó fi orúkọ òun sọ lẹ́tà náà níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé lẹ́tà ni orogún òun.

"Kí wọ́n wá máa fi ìyàwó mi tẹ fọ́ọ̀mù owó-orí?" ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní yunifásítì, nítorí ìtàn yìí kò dùn, kò sì sí àǹfààní nínú kí n máa tàn yín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí kò ní lẹ́tà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ló ní. Ní 1974 tí wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, mẹ́ta ló kù, gbogbo ìyókù ti ya sí ìpolówó ọjà, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà. Olórí ẹ̀ka wọn kọ̀wé sí i pé bí lẹ́tà kò bá dé orí ẹ̀rọ náà kí ọdún 1975 tó parí, wọn yóò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́. Ó kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974 ni ìwé dé láti ilé iṣẹ́ tó ń da lẹ́tà òjé ní Ìlú Ọba. Wọ́n ti da lẹ́tà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ń kógbá wọlé, pé ayé ti kúrò nídìí òjé, fọ́tò ni gbogbo ènìyàn fi ń to ìwé báyìí. Nítorí náà àwọn yóò kó ohun gbogbo ránṣẹ́ sí i nínú àpótí kan: lẹ́tà òjé náà, àwọn ojú idẹ kéékèèké tí wọ́n fi ń dà á, àti àwọn àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Àwọn kò ní fi ẹyọ kan pamọ́. Ọládòṣù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá gbé e fún Phoebe kí òun náà kà á. Ohun tó yé àwọn méjèèjì ni pé ọdún mọ́kànlá ń bọ̀ wá wọ inú àpótí kan ṣoṣo, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn láyé.

Ẹ̀rù bà á. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní wáàfù. Arákùnrin kan nínú ìjọ wọn ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà láti òkèèrè. Òkúta ló bá nínú àpótí nígbà tó ṣí i. Àwọn olè èbúté mọ̀wé ju olùkọ́ lọ. Wọn kì í ṣí àpótí tí wọn ò bá kọ́kọ́ ka ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń kó rédíò bọ̀ á ní kí wọ́n kọ "ìwé àdúrà" sí i lára, ẹni tó bá ń kó bàtà bọ̀ á ní kí wọ́n kọ "ìṣó". Inú ìwé ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè máa rí ni òtítọ́ máa ń wà. Kò sí ẹni tó ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní Àpápá. Bí a ṣe ń mí ni a ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọládòṣù kọ̀wé sí àwọn òyìnbó: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ "òjé àlòkù" sí ẹrù mi. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Òyìnbó kò mọ̀ pé ara àpótí jẹ́ ti olè, inú ìwé ẹrù sì jẹ́ ti ìjọba. Ohun tí wọ́n ní kó kọ ló kọ, ó kọ ọ́ sára àpótí, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù, ó kọ ọ́ sí gbogbo ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Azubuike ló ń bá a gba ẹrù náà. Ẹ mọ Azubuike dáadáa kí n tó máa lọ. Kí ogun tó bẹ́ ní 1967, inú ilé kan náà ni òun àti Ọládòṣù ń gbé. Nígbà tí ó di pé ó gbọ́dọ̀ sá lọ sí Ìlà-Oòrùn, ó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ̀rọ táípù rẹ̀ àti àpótí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọládòṣù, ó sì lọ láì retí pé òun á tún rí wọn. Ó padà ní 1970 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́rùn. Ohun gbogbo wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń nu eruku ara táípù náà ní oṣooṣù. Táípù yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígba ẹrù ní Wharf Road, kò sì sí oníbàárà kan tó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn yẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ó ránṣẹ́ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Prof, ẹ jókòó, sir. Wàhálà kékeré kan wà. Ẹ wo bill yìí, scrap lead ni wọ́n kọ sí i. Yunifásítì ò ní license láti kó scrap wọlé. Ta ló ní kí wọ́n kọ báyìí?"

Ọládòṣù wo ìwé náà.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, no problem," ni Azubuike ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ máa kọ̀wé kan pé nítorí olè ni, ẹ máa sign, Customs máa bú wa díẹ̀, a máa san fine, a máa gbé ẹrù wa. Every day ni mo ń ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn òyìnbó yẹn ló ṣe mistake, àwọn náà ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé tún un ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń bi yín ni o. Mo ti sọ fún wọn nínú office pé kò lè jẹ́ Prof. Ẹni tó tọ́jú ẹrù mi fún ọdún mẹ́ta tí needle kan ò sọnù, that one no fit lie to government."

Èmi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá sọ. Ọládòṣù jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ. Ohun tó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún ni pé lẹ́tà tó dára kì í tan òǹkàwé jẹ. Ó wo ojú Azubuike, ojú náà mọ́ rekete, ó ń wò ó bí ọmọ ṣe ń wo bàbá rẹ̀, ojú sì tì í.

"Àṣìṣe òyìnbó ni," ló wí.

Azubuike kọ̀wé sí Ìlú Ọba. Èsì kò dé. Ó tún kọ òmíràn. Nígbà yẹn, ọkọ̀ òkun tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ ti kún ojú omi débi pé bí ilẹ̀ bá ṣú, iná wọn á dà bí ìlú kan lókèèrè, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò ka ìdádúró sí nǹkan kan. Ní oṣù keje ni wọ́n fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ já àpótí náà sí èbúté Kirikiri. Ọládòṣù máa ń lọ wò ó ní Sátidé láti ẹ̀yìn wáyà. Kò tóbi, ó tó tábìlì ìjẹun. Ó wà láàárín àwọn páìpù tó ti dípẹtà àti bátìrì tó ti kú, ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n kọ sí i lára sì hàn gbangba, lẹ́tà dúdú, a sì tò ó dáadáa. Kò sí olè tó fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹjọ, ìwé méjèèjì padà wá: ilé iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Phoebe, tí ọkọ rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún, pè é jókòó lẹ́yìn ìjọsìn.

"Dádì Kíkẹ́, ẹ lọ sọ fún Azubuike."

"Mò ń lọ."

"Ẹ ti ń lọ láti oṣù kẹrin."

"Phoebe, ó ń fi mí búra fún àwọn èèyàn."

"Ẹ jẹ́ kó fi ẹlòmíràn búra," ni obìnrin náà wí. "Àpótí lẹ ní kó dé, kì í ṣe orúkọ."

Ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó mú bébà dídán, ó kọ ìjẹ́wọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó rẹwà, ó fọwọ́ sí i, ó fi í sí àpò, ó sì lọ sí Wharf Road. Ó bá àlejò méjì lọ́dọ̀ Azubuike, Oghogho tó ní ilé ìtajà ní Ọjà Bọ́ùndárì àti ọkùnrin kan láti GRA. Azubuike dìde fún un. "Ẹ ṣáà wò ó," ló sọ fún wọn, "ọkùnrin tí mò ń sọ fún yín nìyí. War tó gbé gbogbo nǹkan lọ, kò gbé abẹ́rẹ́ mi lọ." Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin GRA yẹn tilẹ̀ bọ́ fìlà. Ọládòṣù mu kókà-kólà tí wọ́n fún un, ó béèrè ìlera ìyàwó àti ọmọ, ó dìde, ó sì gbé ìwé inú àpò rẹ̀ padà sí Ajégúnlẹ̀. Àwa Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa kú níbí, àpótí ni.

Ní oṣù kẹwàá, ìyá Azubuike kú, ó sì lọ sílé fún ìsìnkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé wọn yóò lu àwọn ẹrù tí kò ní olówó ní Kirikiri ní gbàǹjo. Odindi ojú ewé kan ni, lẹ́tà wínníwínní, ìlà ń gun ara wọn. Ọládòṣù rí ojú ewé náà. Ìwà ibi tí wọ́n hù sí lẹ́tà níbẹ̀ bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi gé e jáde, ó gbé e lọ sí yunifásítì, ó kàn án mọ́ pátákó, ó sì fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbogbo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa àlàfo rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wo gbogbo lẹ́tà rẹ̀, kò ka ọ̀rọ̀ kan. Ìlà kẹrìnlá ni ti òun: òjé àlòkù, àpótí kan.

Ojú ewé náà ṣì wà lára pátákó nígbà tí Azubuike dé. Irun rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá nítorí ìyá rẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kò wọlé.

"Prof, ẹ ò rí i nínú pépà?"

Ọládòṣù yíjú sí pátákó. Ó wá kà á, ọjọ́ gbàǹjo sì ti kọjá.

Alhaji Ràímì, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Ajégúnlẹ̀, ló ra gbogbo òjé tí wọ́n lù ní gbàǹjo. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá fi sílẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbátìrì ti kó tiwọn, oníṣẹ́ idẹ ti kó àwọn idẹ kéékèèké inú àpótí lọ yọ́, àpótí tí wọ́n ń wí yìí sì ti wà lọ́wọ́ Onoriode apẹja láti ìjẹta. Azubuike fẹ́ tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, òun nìkan ló máa lọ.

Ẹ̀gbẹ́ omi ni ilé Onoriode wà, lórí òpó igi. Ó ti lo ogún ọdún ní Ajégúnlẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bu Píjìn mọ́ ọn. Ó jókòó sórí àga kékeré kan, àwọ̀n nà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń so òjé mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì. Ìkòkò irin kan wà lórí ààrò, eérú ṣì gbóná nídìí rẹ̀. Ọládòṣù kí i. Ó bi í nípa àwọn àwòrán tó wà nínú àpótí.

"Paper yẹn? Paper yẹn dára gan-an, Bàbá. E thick. Òun la fi dá iná."

"Òjé ńkọ́?"

"A ti yọ́ ọ tán. Gbogbo ẹ̀." Onoriode gbé òjé róbótó kan sókè, ó sì fajú ro. "But I no go lie for you, òjé yẹn ò dára rárá. E too strong. Òjé tó dára, tí o bá fi òòlù lù ú, á tẹ̀, á di okùn mú. Èyí, once you knock am, e break. Wò ó." Ó fi òòlù kan lu òjé náà, ó fọ́ sí méjì. Òkìtì èyí tó ti fọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tó ẹ̀kún garawa méjì. "Mo ti da púpọ̀ sínú omi."

Ọládòṣù jókòó sórí pákó. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ débi pé kò lè dákẹ́ nígbà tí ẹnì kan kò bá mọ nǹkan, ó sì ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe òjé lásán. Wọ́n po irin mìíràn mọ́ ọn kó lè le, kó má bàa tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìgbà. Lẹ́tà ni. Lẹ́tà Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, a, b, d, títí dé òpin, a sì dà á kó lè pẹ́ ju ẹni tó yà á lọ.

Onoriode gbọ́ ọ dópin. Inú bí i nítorí àlejò rẹ̀.

"Then na wicked person write old lead for that box. Ẹni yẹn ò dára. Ó fi irọ́ ṣe èmi àti ẹ̀yin. Ta ni?"

"Èmi ni," ni Ọládòṣù wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro sọ tó bí ó ṣe rò. Apẹja náà gbé òòlù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin, Bàbá? Why?"

"Kí àwọn olè má bàa jí i."

Onoriode wo òkìtì òjé fífọ́ náà, ó wo àgbàlagbà tó jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tó kàn.

"Dem come thief am?"

"Rárá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹnikẹ́ni ò jí i."